Bí A Ṣe Lè Fi Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbádárìgì Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nípa Jíjẹ́ Ọmọ Orílẹ̀-èdè àti Ìdarí

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, aṣáájú ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nílùú Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ á wo ẹ̀wọ̀n, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á sì padà sílé. Àánú yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Òwò ẹrú kì í ṣe ìjì tó ṣàdédé jà lu ìlú. Àwọn èèyàn ló pinnu rẹ̀, àwọn alágbára ló fàṣẹ sí i, àwọn oníṣòwò ló jèrè rẹ̀, àwọn tí kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ tiwọn ló jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè àti ohun tó ń jẹ́ aṣáájú yóò rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ ní Àgbádárìgì, bí ó bá ṣáà ti mọ ìbéèrè tó yẹ kí a máa béèrè níwájú àwọn ohun tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ má ṣe kó àwọn ọmọ lọ síbi tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì dé. Ẹni tó máa darí ètò náà ní láti kọ́kọ́ dá lọ, kó tẹ́tí sí àwọn atọ́nisọ́nà, kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn àwòrán, kó sì yan nǹkan mẹ́fà tàbí méje péré tí yóò ti dá àwọn ọmọ dúró. Ọmọ tó bá fi wákàtí kan wo gbogbo nǹkan kì í rántí ọ̀kan nínú wọn nígbà tó bá fi máa délé.

Ọ̀nà tí a fi ń gba àyè yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Abẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni Badagry Heritage Museum wà, nítorí náà lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ fi òǹtẹ̀ lù ló yẹ ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí, iye àwọn ọmọ àti ọjọ́ orí wọn sínú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ilé ìdílé ni ilé Mobee àti ilé Seriki Abass, àwọn olóyè àtijọ́ tó lọ́wọ́ nínú òwò ẹrú; àwọn ọmọ ilé ló ń tọ́jú wọn, kódà inú ọgbà ilé Seriki Abass ni ibojì rẹ̀ wà. Lẹ́tà nìkan kò tó níbẹ̀. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ilé, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe, ẹ béèrè owó ìwọlé, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọn kò bá fẹ́ kí a ti ya fọ́tò. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ dání lọ síbi ìkíni yìí, nítorí pé bí a ṣe ń gba àyè lọ́wọ́ onílé jẹ́ ara ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ wọn.

Àwọn yàrá inú àwọn ilé àtijọ́ yìí kò fẹ̀. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ tí kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀wọ́ kan máa jókòó jíròrò níta nígbà tí òmíràn bá wà nínú. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ẹ ṣètò ohun tí òun náà yóò ṣe nísàlẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó débẹ̀, kí ó má baà di pé ojú ọ̀nà ni ẹ ó ti máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọn yóò máa gbé lọ láti ibì kan dé ibì kejì. Ta ló ní àṣẹ níbí? Ta ló jèrè àṣẹ náà, ta ló sì jìyà rẹ̀? Ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibo ló lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Ìbéèrè kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé òun ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìlú tí èèyàn jẹ́ ọmọ onílùú nínú rẹ̀ àti ìlú tí èèyàn kàn ń gbé abẹ́ rẹ̀. Kí kálukú kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ sì ka abala méjì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pẹ̀lú wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbẹ̀wò. Abala 14 sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ọlá àṣẹ wà, pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọba ti ń gba agbára, àti pé ààbò àti ìgbé ayé tó dára fún ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Abala 24 ka ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè sílẹ̀: kí ó pa òfin mọ́, kí ó bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó ṣe ohun tó máa mú kí àdúgbò rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kí ó ran àwọn agbófinró lọ́wọ́ láti pa òfin mọ́, kí ó sì sọ òtítọ́ nípa owó tó ń wọlé fún un kí ó lè san owó orí tó tọ́. Ẹ má ṣe kọ́ wọn ní àkọ́sórí. Ẹ kà á, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n rí tí àwọn àgbà ń ṣe ládùúgbò wọn, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ ìbẹ̀wò.

Ilé tó jẹ́ ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ rí

Badagry Heritage Museum ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ọdún 1863 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àwọn baba wa ń pè ní D.O. (District Officer), ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2002. Ọdún 1863 yìí kan náà sì ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ dúró níta, kí wọ́n wo ilé náà dáadáa, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló dìbò yan Ajẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án. Gómìnà tó wà l'Ékòó ni ó ń jíhìn fún, gómìnà sì ń jíhìn fún Lọ́ńdọ̀nù. Apẹja tó ń sanwó fún ìjọba náà kò sí lára àwọn tí wọ́n ń jíhìn fún. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá ṣèèyàn dáadáa, ìlú á rójú. Bí ó bá ṣèkà, àfi kí ìlú máa fara dà á. Nígbà náà ni kí ẹ tún ka abala 14 sókè, níwájú ilé náà gan-an. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ ọ níbẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ní láti jà gba ọ̀rọ̀ náà kí ó tó di òfin, àti pé kò pẹ́ tó bí a ṣe rò tí ó di tiwa.

Nínú ilé, àwọn yàrá àfihàn ń tẹ̀ lé ìrìn àjò àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìgbà tí wọ́n mú wọn títí dé ilẹ̀ òkèèrè. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ẹrú ṣe kọ̀, àti ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n kọ̀, ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé ńṣe ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn yìí bí àgùntàn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀nà kan tí ẹnì kan gbà sọ pé rárá, ìbáà jẹ́ pé ó sá lọ, ó kọ oúnjẹ, tàbí ó dìtẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn yàrá yòókù, ẹ lè yára gbà wọ́n kọjá.

Seriki Abass àti Ẹfúnróyè Tinúubú

Bí àkókò yín kò bá tó, ẹ dín ti ibòmíràn kù, ẹ má dín ti ilé Seriki Williams Abass, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Brazilian Baracoon. Ìjọ́ga-Orílé, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n sì kó o dé Brazil. Ó kọ́ èdè òkèèrè, ó padà sí etíkun yìí, òun náà sì wá di ẹni tó ń ta ẹrú. Yàrá 40 ni ìtàn sọ pé ó wà ní ilé rẹ̀ fún kíkó àwọn ẹrú pamọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dé. Nígbà tó yá, ó di èèyàn ńlá láàárín àwọn Mùsùlùmí àti láàárín àwọn oníṣòwò, ìjọba amúnisìn sì fi í ṣe olórí ẹkùn ìwọ̀ oòrùn ní 1913. Ó kú ní 1919.

Ìtàn yìí le, ìdí nìyẹn tó fi wúlò. Àṣìṣe tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí àwọn ọmọ sọ bóyá èèyàn rere ni tàbí èèyàn burúkú, kíláàsì á pín sí méjì, ariwo á sọ, kò sì ní sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ tò ó báyìí dípò bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ya ìlà gígùn kan sórí bébà, kí wọ́n fi àmì sí ibi mẹ́rin: ìgbà tí wọ́n mú un, ìgbà tó wà ní Brazil, ìgbà tó padà tó di oníṣòwò, àti ìgbà tó joyè. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tí agbára rẹ̀ ká àti ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Ọmọdé tí wọ́n jí gbé kò ní ohunkóhun tó lè ṣe. Oníṣòwò tó ní ilé, owó àti ọ̀rẹ́ ní ọ̀nà púpọ̀ tó lè gbà jẹun. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i fúnra wọn pé bí agbára èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí a lè bi í léèrè ṣe ń pọ̀ sí i, àti pé ìyà tí èèyàn ti jẹ rí kò sọ pé kò ní fi jẹ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó fi í joyè ní 1913. Ìjọba ni. Kí wọ́n wá jíròrò ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń yan olórí kọ́ ni olórí náà máa darí.

Ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni ìdarí. Ẹfúnróyè Tinúubú gbé Àgbádárìgì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ọba Adélé, nígbà tí ọba náà wà ní ìgbèkùn kúrò l'Ékòó, ibẹ̀ sì ni òwò rẹ̀ ti gbilẹ̀: ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta ẹrú. Agbára rẹ̀ l'Ékòó pọ̀ débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é tí ó fi kúrò níbẹ̀ ní 1856. Abẹ́òkúta ló lọ, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Ẹ fún àwọn ọmọbìnrin inú ọ̀wọ́ náà láàyè láti ya ìlà tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ya ti Seriki. Èmi kì í fara mọ́ àwọn tó máa ń yọ òwò ẹrú kúrò nínú ìtàn obìnrin yìí nítorí kí ó lè jẹ́ àwòkọ́ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ẹni tí a lè bá sọ òótọ́.

Ilé Mobee

Ní ilé Mobee, tó wà ládùúgbò Boekoh, ẹ̀wọ̀n gidi ni wọn yóò rí: ti ọrùn, ti ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu, àti kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wọ̀n sọ́rùn láti fi ya fọ́tò, kódà bí ẹnì kan bá fi lọ̀ wọ́n. Bí ọmọ kan bá sunkún, kí àgbàlagbà kan mú un jáde síta, kó jókòó tì í. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún gidigidi. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú àti ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ onílé kò tíì tán nínú ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹ má ṣe bi ọmọ kankan léèrè ìran rẹ̀ ní gbangba, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi ara wọn. Ìbéèrè tó yẹ níbẹ̀ kan ìdílé tó ni ilé náà: baba ńlá wọn lọ́wọ́ nínú òwò yìí, kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sin ẹ̀wọ̀n náà, tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ fún ayé? Ẹ bẹ ẹni tó ń fi ilé hàn yín pé kí ó dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá ronú ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn tàbí ní àdúgbò wọn, tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ipò rẹ̀ bá a mu láti kọ́kọ́ là á sílẹ̀.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àti odò

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, wà létí ọ̀sà, kò sì jìnnà sí àwọn ibi tí mo ti dárúkọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó fi pẹ́ níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Oṣù kìíní 1845 ni òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ń retí wọn kú, ọ̀nà sì dí, ó sì di 1846 kí Crowther tó lè kọjá. Kò fi àkókò náà ṣòfò: ó ń wàásù, ó sì ń bá iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lọ. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, ní 1821, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mú Seriki; ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn ọmọ á so ìtàn méjèèjì pọ̀ fúnra wọn, ẹ kò ní láti so ó fún wọn.

Ẹ lè gba ibi Igi Agia kọjá, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842; igi náà wó ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ló kù. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. Ní ti Gberefu, níbi tí ọ̀nà àjò àwọn ẹrú ti dé òkun, ẹ má ṣe sọdá ọ̀sà láìjẹ́ pé ẹ̀wù ààbò ojú omi ká gbogbo ọmọ, kí òbí kọ̀ọ̀kan sì ti fọwọ́ sí ìwé. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Àdúgbò mẹ́jọ

Bí ẹ bá ti rí bí Ajẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣàkóso, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ìlú ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ Àgbádárìgì dó, ogun Dàhòmì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún sì wà lára ohun tó lé wọn wá. Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà ní, olúkúlùkù pẹ̀lú olóyè tirẹ̀: Akran ní Jegba, Wawu ní Ahoviko, Posu ní Posuko, Mobee ní Boekoh, Jengen ní Awhanjigo, Bala ní Asago, Finnih ní Whalako, àti Agoloto ní Ganho. Láyé àtijọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ṣe gbogbo rẹ̀. Àǹfààní wà nínú èyí, ìṣòro náà sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí àwọn olóyè kò fohùn ṣọ̀kan, tí ìjà sì dé.

Ẹ wá àgbà kan tàbí olóyè kan tó lè bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Kí àwọn ọmọ kí i bí a ṣe ń kí àgbà, kí ẹnì kan nínú wọn sọ ìdí tí wọ́n fi wá, kí wọ́n sì ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ṣáájú. Ìbéèrè tó máa ń so èso jù ni èyí tó bá kan ohun pàtó: bí ẹnì méjì bá ń jà lórí ilẹ̀, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ bá, ibo ni wọ́n sì ń gbé e lọ bí kò bá tán níbẹ̀? Wọ́n lè béèrè nípa Zángbétò pẹ̀lú, tó ń ṣọ́ ìlú lóru: ta ló ń rán an, ta ló sì lè dá a lẹ́kun bí ó bá ṣi agbára lò? Bí àgbà náà bá fẹ́ fi èdè Ògù sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́, kí ọmọ kan tó gbọ́ ọ sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyókù. Mo ti rí i pé ọmọ tó ń túmọ̀ yìí máa ń níyì lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ta ni ọmọ Nàìjíríà ní ìlú tó wà létí ẹnubodè?

Kò sí ìlú tí ìbéèrè yìí kàn tó Àgbádárìgì. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, ìdílé kan náà ló ní ilé ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọmọ kan á sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ní èdè Faransé kó tó wá parí rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àlejò. Ẹ kó ìwé òfin jáde, kí ẹ sì yanjú rẹ̀ ní kíláàsì.

Abala 25 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ àgbà bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ mìíràn náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ fún wọn ní àpẹẹrẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe: ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Kí wọ́n wá ìdáhùn nínú ìwé òfin fúnra wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni, kì í sì í ṣe àánú ni a fi fún un. Abala 28 sì fi yé wa pé ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí kò ní pàdánù rẹ̀ nítorí pé ó tún jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ti àjèjì tó fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà yàtọ̀ ní abala 27: ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún 15.

Ibì kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ jiyàn lé lórí. Abala 26 gba obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò gba ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ obìnrin Nàìjíríà láyè bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n tún ka abala 42 tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú sí ọmọ Nàìjíríà nítorí ìran rẹ̀, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kí wọ́n wá sọ bóyá abala méjèèjì bá ara wọn mu, àti ohun tí wọn yóò fẹ́ kí àwọn aṣòfin ṣe sí i. Lójú tèmi, ó yẹ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi èrò tirẹ̀ pamọ́ títí wọn yóò fi jiyàn tán. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ kan nínú kíláàsì bá díjú lóòótọ́, ẹ má ṣe yanjú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n lọ rí agbẹjọ́rò.

Iṣẹ́ tí yóò tẹ̀ lé ìbẹ̀wò

Ìbẹ̀wò tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn kì í pẹ́ gbàgbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà, kí àwọn ọ̀dọ́ náà tún péjọ, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní ibi tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ti ń ṣèpàdé, kí wọ́n sì yan nǹkan kan ṣoṣo ládùúgbò tó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yan ohun tó ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, lára rẹ̀ sì ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí. Ní agbègbè yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ wọn kàn, nítorí pé yàtọ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Badagry West àti Olorunda náà wà.

Kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n yàn, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n bá ìyá ọlọ́jà tàbí awakọ̀ tó ń lò ó sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí láìsí àbùmọ́ àti láìsí èébú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe ìgbìmọ̀ àfarawé: ẹnì kan á ṣe alága, àwọn kan á ṣe kánsẹ́lọ̀, ẹnì kan á ṣe akápò, àwọn yòókù á jẹ́ ará àdúgbò tó wá béèrè. Ẹ fún akápò ní owó àfẹnusọ tí kò lè tó gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè. Ibi tí owó kò ti tó yìí ni wọ́n ti máa ń mọ bí ìdarí ṣe ṣòro tó, tí wọ́n á sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ìpinnu ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ìpinnu náà kò gbè.

Nígbà náà ni kí wọ́n kọ lẹ́tà gidi sí alága tàbí kánsẹ́lọ̀ wọn: ìpínrọ̀ kan lórí ohun tí wọ́n rí, ìkejì lórí ohun tí wọ́n fẹ́, ìkẹta lórí ohun tí àwọn fúnra wọn ṣetán láti ṣe. Bí ó bá jẹ́ àlàyé ni wọ́n ń wá, bí àpẹẹrẹ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà kan, kí wọ́n fi Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 kọ ọ́. Òfin yẹn fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba sì ní láti fi dáhùn. Kí wọ́n mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ọ̀kan, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dé, kí wọ́n padà lọ pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ sílẹ̀.

Fún àwọn tó ti pé ọdún 18, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò lọ́dọ̀ INEC nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 ti dín ọjọ́ orí ẹni tó lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25, ti ààrẹ sì ti kúrò ní 40 sí 35. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bá gbọ́ èyí á rí i pé ọjọ́ náà kò jìnnà sí òun.

Ní ti ọjọ́ tó yẹ, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún dára, nítorí pé ọjọ́ àwọn ọmọdé ni, ọjọ́ náà sì ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀, nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú dáadáa. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti ìfòpinsí rẹ̀. Ìgbà ìsinmi ni fún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ilé ìjọsìn mu gan-an.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, ẹ di àwọn ìlà ìgbé ayé tí wọ́n yà, ohun tí àgbà sọ, lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ àti ìdáhùn tó bá wá sínú fáìlì kan. Kí ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀kan fún àwọn àgbà ilé tó gbà yín lálejò, ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí yóò wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwọn yẹn lè kọ́kọ́ lọ wò bóyá wọ́n ti tún gọ́tà náà ṣe.